Bí Onígbàgbọ́ Ṣe Lè Bọ́ Lọ́wọ́ Ìdẹwò Àgbèrè: Ìtọ́sọ́nà Láti Orí Eékún Dé Orí Fóònù

Lọ́jọ́ tí aya Pọ́tífà di aṣọ Jósẹ́fù mú, Bíbélì kò sọ pé Jósẹ́fù kúnlẹ̀. Kò sọ pé ó fi èdè àjèjì sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé ó jókòó ti obìnrin náà láti wàásù fún un. Ó fi aṣọ sílẹ̀, ó sá jáde. Jẹ́nẹ́sísì orí 39 ni ìtàn náà wà, láti kékeré la sì ti ń gbọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ẹsẹ 10 ni a kì í sábà dúró lé: ojoojúmọ́ ni obìnrin náà ń bá a sọ ọ́, Jósẹ́fù kò sì gbà láti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, ó ti pinnu, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ sí Ọlọ́run ni, ó sì ti ń yẹra fún ibi tí obìnrin náà wà.

Ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín nínú ìtọ́sọ́nà yìí kò ju ìyẹn lọ. Àdúrà lágbára, ṣùgbọ́n kí wákàtí ìdẹwò tó dé ni ó ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bí wákàtí náà bá ti dé, ẹsẹ̀ ló kù. Mo mọ àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbààwẹ̀, tí wọ́n ń lọ ìṣọ́ òru, tí wọ́n á sì padà sí yàrá kan náà, sídìí fóònù kan náà, sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan náà, tí wọ́n á wá máa rò pé Ọlọ́run kò gbọ́. Ọlọ́run gbọ́. Ilẹ̀kùn ni wọn kò tì. Ẹ̀yin tí kò tíì ṣègbéyàwó ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn tọkọtaya wà nísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ya ìdẹwò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀ṣẹ̀

Hébérù 4:15 sọ pé a dán Jésù pàápàá wò ní gbogbo ọ̀nà bíi tiwa, kò sì dẹ́ṣẹ̀. Bí ìdẹwò bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, a kì bá tí lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nípa Olúwa. Kí ara yín sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ rí arẹwà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọlọ́run ló dá ara bẹ́ẹ̀. Jákọ́bù 1:14 àti 15 to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ: ìfẹ́kùfẹ̀ẹ́ ara ẹni á fa ènìyàn, á tàn án, á lóyún, á wá bí ẹ̀ṣẹ̀. Àyè kan wà láàrin ìgbà tó fà yín àti ìgbà tó lóyún. Inú àyè yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wa wà.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ìtìjú ń jẹ níyà nítorí èrò kan ṣoṣo tó kọjá lọ́kàn wọn, ìtìjú náà gan-an ló sì ń tì wọ́n ṣubú. Wọ́n á ní, "Mo ṣáà ti dẹ́ṣẹ̀, kí n kúkú parí ẹ̀." Irọ́ ni. Èrò tó dé tí ẹ lé jáde kò tíì di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ń wò tó sì ń fẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ ni Jésù ń bá wí nínú Mátíù 5:28.

Ọ̀rọ̀ àlá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹnìkan bá bá ènìyàn lò pọ̀ lójú àlá nílẹ̀ wa, kíá la ti máa ń pè é ní ọkọ òru tàbí ìyàwó òru, ẹ̀rù á sì ba ẹni náà fún odidi ọ̀sẹ̀. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ogun ẹ̀mí kò sí, Éfésù 6:12 sọ pé ó wà. Ṣùgbọ́n ara ọkùnrin tó ti bàlágà máa ń tú àtọ̀ jáde fúnra rẹ̀ lójú oorun, àwọn obìnrin náà a sì máa lá irú àlá bẹ́ẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni rán nǹkan sí wọn. Ẹ jí, ẹ wẹ̀, ẹ gbàdúrà bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ òòjọ́ yín lọ. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ dá nìkan lọ bá wòlíì tó ní òun fẹ́ fi ọṣẹ àti kànìnkànìn wẹ̀ yín níhòòhò lóru. Arábìnrin, ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹni tí Ọlọ́run rán kò nílò ìhòòhò yín kó tó lè gbàdúrà fún yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ ìgbà àti ibi tó ń bá yín sílẹ̀

Ẹ ka ìbẹ̀rẹ̀ Sámúẹ́lì Kejì orí 11. Àkókò tí àwọn ọba ń jáde lọ sógun ni, ṣùgbọ́n Dáfídì rán Jóábù, òun jókòó sí Jerúsálẹ́mù. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó dìde lórí ibùsùn, ó ń rìn lórí òrùlé ààfin, ibẹ̀ ló sì ti rí obìnrin tó ń wẹ̀. Kí ojú rẹ̀ tó rí Bátíṣébà rárá, iṣẹ́ tó yẹ kó máa ṣe ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti lọ.

Ẹ mú ìwé kékeré kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbàkúùgbà tí ìdẹwò bá dé, ẹ kọ aago tó lù, ibi tí ẹ wà, ohun tí ẹ ń ṣe ṣáájú, àti bí ọkàn yín ṣe rí. Ẹ má kọ ìtàn ohun tí ẹ rí, nítorí ìyẹn á tún jí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ìdẹwò ń bá àwọn tọ̀sán-tòru, àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ tán kí wọ́n tó rí i pé ìgbà méjì tàbí mẹ́ta péré ló fẹ́ràn láti máa wá. Ti ẹlòmíràn ni aago 12 òru, nígbà tí dátà òru olówó pọ́ọ́kú bá ṣí. Àgùnbánirọ̀ tí wọ́n gbé lọ sí ìlú tí kò mọ ẹnikẹ́ni, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ni tirẹ̀, nígbà tí yàrá bá dákẹ́. Olórí akọrin kan lè má rí ìdẹwò kankan kí ètò ńlá tó bẹ̀rẹ̀, kó wá bá a nígbà tó bá parí, tó ti rẹ̀ ẹ́, tí gbogbo ènìyàn sì ń yìn ín.

Àwọn kan wà tí ìdẹwò tiwọn kò ti inú ìfẹ́kùfẹ̀ẹ́ wá rárá. Owó ilé ti pé, owó ilé ẹ̀kọ́ kò tíì san, bàbá kan sì wà tó ní òun á bá wọn gbé e. Bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ tí ẹ rí i pé òpin oṣù tàbí ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ ló ń dé, ẹ fi ìyẹn sínú àdúrà yín, kí ẹ sì gbé e lọ bá ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́ ìjọ, ẹbí, tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kí ọjọ́ tó pé. Mo sì bẹ ẹ̀yin alàgbà ìjọ: ọmọbìnrin tí ebi ń pa nínú ìjọ wa nílò ìwàásù lórí ìwà mímọ́, ṣùgbọ́n ó nílò ìrẹsì pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ti àwọn ilẹ̀kùn tí ẹ ti mọ̀

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ríbi wọ̀ ọ́. Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ nínú Róòmù 13:14 pé kí a gbé Jésù Kírísítì Olúwa wọ̀, kí a má sì pèsè fún ara láti mú ìfẹ́kùfẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣẹ. Ẹsẹ yìí kan náà ló yí ìgbésí ayé Augustine padà ní ìlú Milan lọ́dún 386. Ọmọ Áfíríkà ni, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Algeria lónìí ni wọ́n ti bí i. Ó ti bá obìnrin gbé láìṣègbéyàwó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ti gbàdúrà láti ìgbà èwe rẹ̀ pé kí Ọlọ́run fún òun ní ìwà mímọ́, ṣùgbọ́n kó má tíì jẹ́ nísinsìnyí. Ọjọ́ tó ka Róòmù 13 nínú ọgbà ni ó dẹ́kun sísún un síwájú. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní Hippo lẹ́yìn náà. Ẹ wo ohun tó wà nínú ẹsẹ náà: ẹ má pèsè. Fóònù tí ẹ gbé sábẹ́ ìrọ̀rí, ìpèsè ni. Nọ́ńbà àfẹ́sọ́nà àtijọ́ tí ẹ kò pa rẹ́, ìpèsè ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí fóònù, nítorí ibẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ wà. Bí tiyín bá jẹ́ Android, láti orí Android 9 sókè, ẹ ṣí Settings kí ẹ wá Private DNS. Ẹ mú ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ kọ orúkọ fúnra yín, kí ẹ tẹ family.cloudflare-dns.com síbẹ̀, kí ẹ sì fi pamọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ ojú ewé oníhòòhò kò ní ṣí lórí fóònù náà mọ́, ì báà jẹ́ dátà lẹ ń lò tàbí Wi-Fi. Bí ó bá jẹ́ iPhone, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Screen Time, lẹ́yìn náà Content & Privacy Restrictions, ẹ wá Web Content, kí ẹ mú Limit Adult Websites. Ó máa gba nọ́ńbà àṣírí kan. Ẹ gbé fóònù náà fún ẹni tí ẹ fọkàn tán kó tẹ nọ́ńbà náà, kí ẹ̀yin má mọ̀ ọ́n. Ẹ tan SafeSearch, ohun tó ń sé àwòrán oníhòòhò mọ́, lórí Google.

Lórí WhatsApp, ẹ wọ Settings, ẹ wọ Privacy, kí ẹ wá Groups, kí ẹ ṣe é kó jẹ́ pé àwọn tí ẹ ní nọ́ńbà wọn nìkan ló lè fà yín sínú ẹgbẹ́. Ẹ pa ètò tó ń gba àwòrán àti fídíò sílẹ̀ sórí fóònù láìbéèrè. Ẹgbẹ́ ọmọ kíláàsì àtijọ́ tí wọ́n ti máa ń ju fídíò burúkú síbẹ̀ lóru, ẹ jáde níbẹ̀. Wọ́n á ní ẹ ti di pásítọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

Ẹ ra aago tí ń dún kí ẹ má baà máa fi fóònù jí, kí fóònù sì máa sun pálọ̀ tàbí yàrá ẹlòmíràn. Bí yàrá kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ gbé e sí ibi tó jìnnà jù sí ibùsùn. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá pinnu láti já gbogbo èyí á já a. Ṣùgbọ́n á gbà á ní ìṣẹ́jú mélòó kan, ọkàn tó ti gbàdúrà láàárọ̀ sì lè rántí ara rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan yẹn.

Ilẹ̀kùn tó kàn ni ti yàrá. Ẹ má jókòó ní ẹ̀yin méjèèjì nìkan, ọkùnrin àti obìnrin, nínú yàrá tí ibùsùn rẹ̀ jẹ́ àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ti rí. Ẹ bọ́ síta, ẹ lọ síwájú ilé. Kò yọ ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ Olúwa sílẹ̀. Lọ́dún 1948, ní ìlú Modesto ní California, Billy Graham, ajíhìnrere ará Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ jókòó, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé àwọn kò ní máa dá nìkan bá obìnrin tí kì í ṣe ìyàwó àwọn rìnrìn àjò, pàdé, tàbí jẹun. Ó tẹ̀ lé e títí ọjọ́ ogbó. Pásítọ̀ tó ń gba àwọn arábìnrin nímọ̀ràn lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ń fi ara rẹ̀ wewu, ó sì ń fi àgùntàn Ọlọ́run wewu.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ní Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lẹ́nu

Ìgbà mẹ́ta ni èṣù dán Jésù wò nínú Mátíù orí 4, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dáhùn pé "A ti kọ ọ́ pé", inú Diutarónómì ló sì ti mú gbogbo rẹ̀. Kò sí àkájọ ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ nínú aginjù. Ó ti wà nínú rẹ̀ kó tó débẹ̀.

Ẹsẹ mẹ́rin tó láti fi bẹ̀rẹ̀: Sáàmù 119:11, Jóòbù 31:1, Kọ́ríńtì Kìíní 10:13, àti Tẹsalóníkà Kìíní 4:3. Ẹ kọ́ ọ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ máa kà á síta, kí ẹ sì kà á ní èdè tí ẹ fi ń sunkún. Ti Jóòbù, "Èmi ti bá ojú mi dá májẹ̀mú", dára púpọ̀ fún ojú títì àti ojú fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa ka Òwe orí kan lójúmọ́. Orí 31 ló ní, nítorí náà oṣooṣù ni ẹ ó máa pàdé orí 5, 6 àti 7, níbi tí bàbá kan ti ń kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí gan-an, láìfi nǹkan kan pamọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àdúrà, àti bí a ṣe ń gbà á

Ẹ gbàdúrà kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù láàárọ̀. Mo fi èyí ṣáájú nítorí ohun tí ojú bá kọ́kọ́ rí ló máa ń gbé ọkàn lọ fún wákàtí mélòó kan.

Ẹ dárúkọ nǹkan náà. "Olúwa, gbà mí lọ́wọ́ ẹran ara" dára, ṣùgbọ́n ó gbòòrò jù, ènìyàn sì lè fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ọlọ́run kì í ta gìrì. Bí ó bá jẹ́ fíìmù oníhòòhò, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ń fi ọwọ́ tẹ́ ara yín lọ́rùn, ẹ sọ ọ́ fún un. Bí ó bá jẹ́ ẹnìkan níbi iṣẹ́ tó ti ní ọkọ, ẹ dárúkọ ẹni náà níwájú ìtẹ́ oore ọ̀fẹ́. Ẹ mú ìwé tí ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kejì jáde, kí ẹ gbàdúrà fún wákàtí náà kí ó tó dé. Bí àpẹẹrẹ:

*Baba mi, ẹ̀yin lẹ dá ara yìí, ẹ̀jẹ̀ Jésù lẹ sì fi rà á. Lálẹ́ òní, bí mo bá wọ yàrá mi tí àárẹ̀ sì mú mi, ìdẹwò á wá, ẹ mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo fi wákàtí yẹn lé yín lọ́wọ́ láti ìsinsìnyí. Ẹ jẹ́ kí n rí ọ̀nà àbáyọ tí ẹ ṣèlérí, kí ẹ sì fún mi lẹ́sẹ̀ láti gbà á. Mo dárí ojú mi, ọwọ́ mi àti èrò mi sọ́dọ̀ yín. Ẹ kọ́ mi láti fẹ́ràn yín ju adùn tí kì í pẹ́ lọ. Ní orúkọ Jésù. Àmín.*

Dáníẹ́lì gbàdúrà lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Àwọn ìjọ Aládùúrà wa ní wákàtí àdúrà tiwọn, aago mẹ́fà, mẹ́sàn-án, méjìlá àti mẹ́ta. Ó wù mí kí gbogbo onígbàgbọ́ tó wà nínú ìjàkadì yìí yá àṣà yẹn lò, ìjọ yòówù kí wọ́n máa lọ. Ìṣẹ́jú méjì péré, lórí ìdúró, níbi iṣẹ́ tàbí nínú ọkọ̀. Ẹni tó ti bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán kì í jìnnà sí i tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú.

Ẹ gbàdúrà fún ẹni tí ojú yín ń wò. Fún ìlera rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀, ìgbàlà ọkàn rẹ̀. Ẹni tí ẹ bá ń gbé síwájú Ọlọ́run tọkàntọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í di ọmọ ẹnìkan lójú yín, ẹ̀gbọ́n ẹnìkan, ẹni tí Jésù kú fún. Ṣùgbọ́n ẹ gbà á ní yàrá yín. Ẹ má pe ẹni náà wá kí ẹ jọ gbà á. Ọ̀pọ̀ ìṣubú ló bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ orúkọ "alábàáṣepọ̀ àdúrà".

Ààwẹ̀ dára, nítorí ó ń kọ́ ara pé kì í ṣe gbogbo ohun tó béèrè ni yóò gbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, títí aago mẹ́ta tàbí mẹ́fà. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ àti aláboyún, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ ná. Kí fóònù náà gbààwẹ̀ pẹ̀lú yín lọ́jọ́ náà, nítorí ebi pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ láti àárọ̀ kò ṣe ènìyàn ní àǹfààní kankan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ sọ fún ẹnìkan

Ìgbésẹ̀ yìí ni gbogbo ènìyàn ń fò. Jákọ́bù 5:16 ní kí a jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa fún ara wa, kí a sì máa gbàdúrà fún ara wa. A fẹ́ràn apá kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kí ẹni náà jẹ́ ọkùnrin bí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin, kó jẹ́ obìnrin bí ẹ bá jẹ́ obìnrin. Kó jù yín lọ nínú ìgbàgbọ́. Kó jẹ́ ẹni tí ẹ kò tíì gbọ́ àṣírí ẹlòmíràn lẹ́nu rẹ̀ rí, nítorí bó ti ń gbé tiwọn wá fún yín ni yóò ṣe gbé tiyín lọ fún wọn. Ó lè jẹ́ ìyá ìjọ, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Bí ẹnu bá wúwo, ẹ sọ báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń tì mí lójú. Mo fẹ́ kí ẹ máa bi mí nípa rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí n fi ẹ̀rín bò ó." Kí ẹ jọ yan ọjọ́ kan. Kí ó bi yín ní ìbéèrè tó ṣe tààrà: kí lo wò lọ́sẹ̀ yìí? Ta lo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìwọ nìkan? Ṣé òótọ́ ni ìdáhùn méjèèjì tí o fún mi yìí? Ìbéèrè kẹta yẹn ṣe pàtàkì.

Ìgbésẹ̀ keje: nígbà tí wákàtí náà bá dé

Ẹ dìde. Ẹ jáde kúrò níbi tí ẹ wà. Ẹ ka ẹsẹ Bíbélì yín síta, ẹ pe ẹ̀gbọ́n yẹn, ẹ lọ pọn omi, ẹ lọ sáàrin àwọn ènìyàn. Tímótì Kejì 2:22 ní kí a sá fún ìfẹ́kùfẹ̀ẹ́ èwe, kí a sì máa lépa òdodo pẹ̀lú àwọn tó ń ké pe Olúwa, nítorí náà ẹ sá lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan. Ẹ má dúró jiyàn. Ẹ má dúró kí ó má baà dà bíi pé ẹ ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ lè sọ pé ẹ ń lọ, kí ẹ sì lọ, ẹ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé.

Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ máa ní owó ọkọ̀ tó lè gbé yín délé lọ́wọ́ nígbàkúùgbà tí ẹ bá jáde pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ sá tí kò rí owó fi sá.

Fún àwọn tó ń fẹ́ra sọ́nà

Ẹ jọ sọ ààlà yín ní ọ̀sán, ẹ má dúró di alẹ́ kí ẹ tó sọ ọ́. Ibo la ó ti máa pàdé, títí aago mélòó, kí la kò ní ṣe? Kí tọkọtaya àgbà kan mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ má sun ilé ara yín mọ́jú, kódà bí òjò bá rọ̀.

Ohun kan ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Pọ́ọ̀lù sọ nínú Kọ́ríńtì Kìíní 7:9 pé ó sàn kí ènìyàn gbéyàwó jù kí ara máa gbóná lọ. Síbẹ̀ a ní àwọn ọmọ tí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wọn ti kọjá láti ọdún mẹ́ta, tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, tí ohun kan ṣoṣo tó dá wọn dúró jẹ́ owó gbọ̀ngàn, aṣọ ẹbí àti màlúù. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbà wọ́n láyè. Ìdána nínú pálọ̀, ìwé ẹ̀rí, àdúrà nínú ìjọ àti abọ́ ìrẹsì díẹ̀ ti tó láti sọ wọ́n di tọkọtaya níwájú Ọlọ́run àti ènìyàn.

Fún àwọn tọkọtaya

Kọ́ríńtì Kìíní 7:5 ní kí tọkọtaya má fi ara wọn du ara wọn, àfi bí wọ́n bá jọ fohùn sí i fún ìgbà díẹ̀ nítorí àdúrà, kí wọ́n sì tún padà pọ̀ kí Sátánì má baà dán wọn wò. Ẹni tó ń fi ibùsùn jẹ ẹnìkejì rẹ̀ níyà ń ṣí ilẹ̀kùn tí Bíbélì ní kó tì.

Èyí tó le jù lónìí ni ti àwọn tí òkun pín. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́, oṣù kẹta ọdún náà ni òfin irú rẹ̀ sì dé bá àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú. Kí ẹ tó gba físà náà, ẹ jọ gbàdúrà lórí iye ìgbà tí ẹ lè fi ara dà á, kì í ṣe lórí owó nìkan. Bí ẹnìkan bá ti lọ, ẹ máa gbàdúrà pọ̀ lórí fídíò lálaalẹ́, kí ẹni tó wà lọ́hùn-ún wá ìjọ kí ó tó wá ọ̀rẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí owó ọkọ̀ òfuurufú ṣáájú owó ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà.

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń fipá mú yín

Támárì, ọmọ Dáfídì, kọ̀ fún Ámnónì nínú Sámúẹ́lì Kejì 13, ó bẹ̀ ẹ́, ó sì bá a sọ òótọ́. Ámnónì fi agbára bá a lò. Ẹ̀ṣẹ̀ Támárì kọ́. Olùkọ́ tó fẹ́ fi máàkì ra yín, ọ̀gá tó ń halẹ̀, pásítọ̀ tó ní ẹ̀mí ló rán òun, ẹ má pe ìyẹn ní ìdẹwò tiyín. Ẹ pa àtẹ̀jíṣẹ́ wọn mọ́, ẹ sọ fún ẹbí, ẹ gbé e lọ bá àwọn aláṣẹ. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2015 lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn ka ìfipábánilòpọ̀ sí ọ̀ràn ńlá. Ní Èkó, àjọ DSVA ti ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń bójú tó irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ tètè dé ilé ìwòsàn, kí wákàtí 72 tó pé, nítorí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kì í ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà.

Bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀

Ohun tó sọ ẹ̀ṣẹ̀ Dáfídì di ìpànìyàn ni pé ó fẹ́ bò ó. Ẹ má bò ó. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ka Sáàmù 51 látòkè délẹ̀, kí ẹ di Jòhánù Kìíní 1:9 mú, pé bí a bá jẹ́wọ́, olóòótọ́ ni òun láti dárí jì wá àti láti wẹ̀ wá nù. Ẹ má fi ààwẹ̀ ọjọ́ méje jẹ ara yín níyà kí ẹ tó gbà pé ó dárí jì yín. Ẹ̀jẹ̀ Jésù ló ń wẹ ènìyàn, ebi kọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n tí ẹ yàn.

Bí ó bá jẹ́ ìbálòpọ̀, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, ọ̀rọ̀ wákàtí 72 tí mo sọ lókè kàn yín náà. Bí oyún bá wà, ẹ jẹ́ kí àwọn òbí àti ìjọ mọ̀ ní kùtùkùtù, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aboyún. Kí arákùnrin náà má sá.

Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ akọrin tàbí tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọdé, ẹ fúnra yín lọ sọ pé ẹ fẹ́ sinmi díẹ̀, ẹ má dúró kí wọ́n wá lé yín. Gálátíà 6:1 ní kí àwọn tí í ṣe ti Ẹ̀mí mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ bọ̀ sípò ní ẹ̀mí ìwà tútù, nítorí náà ẹ má dá nìkan jókòó sílé lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ wá, ẹ jókòó láàrin ìjọ, ẹ kọrin láti ibi tí ẹ jókòó sí, kí ẹ sì padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ẹni tó ń bójú tó yín bá ní ó tó àkókò.